Ta Ni Ó Di Òjò Mú? Ẹ̀kọ́ Nípa Ohun Tí Ń Mú Ayé Gbóná Tàbí Tutù

 

Àwọn kan ti ń béèrè ìgbà tí a óò parí ẹ̀kọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ lórí ọṣẹ ṣíṣe. A óò padà sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ooru àti òjò ni a fẹ́ sọ nínú ìwé ti oṣù mẹ́ta yìí, nítorí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wa.

Ní ọdún kan tí kò tíì pẹ́, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ìparí oṣù kẹta. Ó rọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù orí ilé. Àwa tí a ní irúgbìn àgbàdo nílé kò dúró rárá, a gbé ọkọ́ jáde. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àgbàdo fi yọ orí. Ni òjò bá lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi padà, oòrùn sì sun ewé àgbàdo títí ó fi ká kóró. Irúgbìn tí àwọn kan nínú wa yá owó rà ṣègbé sínú ilẹ̀. Nígbà tí a óò fi tún òmíràn gbìn, owó irúgbìn ti lọ sókè, owó ilé-ìwé ọmọ sì bá a lọ.

Èyí kò tilẹ̀ dùn wá tó ohun tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹnìkan ni ó di òjò mú. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń dárúkọ ìyá àgbà kan, opó tí ń dá gbé. Wọ́n ní màmá ń sá làfún lórí àpáta, wọn kò sì fẹ́ kí òjò pa á. Àwọn ọmọdé tí ó máa ń bá wọn pọn omi kò yà mọ́. Àwọn tí ó máa ń ra làfún lọ́wọ́ wọn ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé. A jẹ́wọ́ pé nínú àwa obìnrin ẹgbẹ́ pàápàá, àwọn kan gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, a sì dákẹ́. Ìdí nìyí tí a fi lọ bá àwọn olùkọ́ jọ́gíráfì àti àwọn tí ó mọ̀ nípa oko, tí a sì ka ohun tí a rí kà, láti mọ ohun tí ó ń mú ilẹ̀ gbóná tàbí tutù, àti ohun tí ó ń gbé òjò wá tàbí tí ń dá a dúró.

Oòrùn ni ìyá gbogbo ooru, gbogbo wa ni a mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ìgbà tí oòrùn bá sún mọ́ wa ni ayé ń gbóná. Ó ya àwa náà lẹ́nu láti gbọ́ pé inú oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ ń la ètè wa tí a sì ń fi òrí para, gan-an ni ayé sún mọ́ oòrùn jù lọ, ní nǹkan bí 147 mílíọ̀nù kìlómítà. Ní oṣù keje ó jìnnà tó 152 mílíọ̀nù. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni bí ìtànṣán oòrùn ṣe ń bọ́ lù wá, bóyá tààrà ni tàbí ní ẹ̀gbẹ́. Ayé kò nàró ṣánṣán bí ó ti ń yí oòrùn ká. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 23.5, ìyẹn ni a fi ń rí i pé oòrùn ń ṣí lọ sí àríwá fún ìgbà díẹ̀, tí á sì tún padà sí gúúsù. Ní Kàbà, oòrùn máa ń dé àárín orí wa gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí ó bá dúró síta lẹ́yìn agogo méjìlá díẹ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò ti rí òjìji rẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé, kí ló dé tí oṣù kẹsàn-án kò fi mú ooru bí oṣù kẹrin, nígbà tí ó jẹ́ oòrùn kan náà ni? Àwọsánmà ni. Ní ìgbà òjò, àwọsánmà funfun a máa dá ìtànṣán oòrùn padà sókè kí ó tó dé ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ó tutù pẹ̀lú a máa ná apá kan ooru lórí gbígbẹ omi. Ṣùgbọ́n ní òru, iṣẹ́ mìíràn ni àwọsánmà ń ṣe: ó ń bo ilẹ̀ bí aṣọ ìbora, kí ooru ọ̀sán má bàa sá lọ. Ní ìgbà ọyẹ́, kò sí àwọsánmà, afẹ́fẹ́ sì gbẹ táútáú. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ooru ilẹ̀ a gòkè lọ láìsí ohun tí yóò dá a dúró. Nítorí náà ni a fi ń gbọ̀n ní ìdájí, tí a sì ń làágùn ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ aṣọ ìbora yìí, a óò tún lò ó.

Gíga ilẹ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kúrò ní Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja ní oṣù kẹta mọ ohun tí à ń sọ: kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ilẹ̀ Kàbà ga tó bí 400 mítà ju òkun lọ, ṣùgbọ́n ìlú Lọ́kọ́ja létí odò kò pé 100 mítà. Bí a bá gòkè ní 1,000 mítà, ooru a máa dín kù ní nǹkan bí dígírì mẹ́fà àti ààbọ̀. Nítorí náà, dígírì bíi méjì ni a fi tutù ju Lọ́kọ́ja lọ nítorí gíga nìkan. Jọ́ọ̀sì tí ó ga ju 1,000 mítà lọ ni ó sì ń rí kábéèjì àti ànàmọ́ òyìnbó gbìn dáadáa, tí a fi ń rà á lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni a fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ irúgbìn wa wà. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń bá ara wọn du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn wá, láti orí òkun Àtìláńtíìkì (òkun oníyọ̀ ni à ń wí o, kì í ṣe àwa Okun). Òun ni ó ń ru ọ̀rinrin. Èkejì ń ti àríwá àti ìlà-oòrùn wá, láti aginjù Sàhárà. Gbígbẹ ni, eruku ni ó sì ń rù. Púpọ̀ nínú eruku tí à ń nù kúrò lórí tábìlì ní ìgbà ọyẹ́ ti ilẹ̀ Chad wá, láti kòtò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ní ayé àtijọ́.

Ibi tí afẹ́fẹ́ méjèèjì ti pàdé kò dúró lójú kan. Oòrùn ni ó ń fà á kiri. Ní oṣù kìn-ín-ní ó sún mọ́ etí òkun, gbogbo wa sì wà lábẹ́ afẹ́fẹ́ Sàhárà. Bí oòrùn ti ń bọ̀ sí àríwá, ààlà yìí ń tẹ̀ lé e, títí yóò fi dé etí aginjù ní oṣù kẹjọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí òjò fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹta, tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù kẹrin, tí àwọn ará Sókótó sì ń dúró di oṣù kẹfà. Nígbà tí ààlà náà bá lọ jìnnà sí àríwá ní oṣù kẹjọ, òjò a tún sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní àwọn ọdún mìíràn, àwọn ìyá wa a sì rí àyè sá àgbàdo.

Báwo wá ni ti òjò àkọ́rọ̀ tí ó tàn wá? Ní ìgbà tí ààlà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí wa, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin láti òkun kò tíì nípọn. Ó fẹ́lẹ́ ní ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣì wà lórí rẹ̀. Ìjì lè ti ìlà-oòrùn kọjá lójijì, kí ó da omi púpọ̀ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan, kí ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ààlà náà sì tún lè padà sí gúúsù fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó fìdí múlẹ̀. Òjò tí ó rọ̀ ní oṣù kẹta ọdún yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n àlejò ni. Onílé kò tíì dé. Ààlà tí ó gùn láti etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí kọjá Chad ni ó padà sẹ́yìn, kì í ṣe ojú ọ̀run Kàbà nìkan. Kò sí bí ẹni tí ń sá làfún lórí àpáta kan yóò ṣe fi ọwọ́ tì í.

Kí a má sì rò pé àwa aláìmọ̀wé nìkan ni a máa ń yára wá ẹni tí a óò dá lẹ́bi. Láti ìparí ọdún 1960 sí 1980 ó lé, ọ̀dá ńlá mú ilẹ̀ tí ó wà ní etí Sàhárà, láti Senegal dé Chad, títí kan apá òkè ilẹ̀ Hausa tiwa. Ti ọdún 1972 àti 1973 burú púpọ̀, ènìyàn kú, màlúù kú bí eṣinṣin. Ní ọdún 1975, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ òkèèrè gbé àlàyé kan jáde pé ẹran ọ̀sìn tí ó jẹ koríko tán, tí ilẹ̀ fi ṣí sílẹ̀, ni ó lé òjò lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á bẹ́ẹ̀: àwọn darandaran àti àwọn obìnrin tí ń ṣẹ́ igi ìdáná ni wọ́n ń bá wí. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ mìíràn fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ìyípadà nínú ooru omi òkun ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀dá náà, nítorí òkun ni ó ń sọ ibi tí ààlà afẹ́fẹ́ méjèèjì yóò dúró sí. Ilẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ dá kún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó gbà tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ọ̀dá 1972 kí àlàyé yìí tó kárí, lẹ́yìn tí a ti fi ẹnu ba obìnrin onígi jẹ́ tán.

A wá padà sí ọ̀rọ̀ aṣọ ìbora. Obìnrin kan ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, inú wa sì dùn láti sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Eunice Newton Foote ni orúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni. Ní ọdún 1848, nígbà tí àwọn obìnrin péjọ ní ìlú Seneca Falls láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn, ó wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé ìpàdé náà. Ẹ sì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ṣe é o: inú ilé ìsìn Wesleyan Methodist ni! Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìgò gbọọrọ méjì sílẹ̀, ó ki ohun èlò ìwọn ooru bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé wọn sínú oòrùn. Ó fi afẹ́fẹ́ gbígbẹ sínú ọ̀kan àti afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin sínú èkejì. Ó tún dán oríṣi mìíràn wò, títí ó fi kan afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde láti inú èéfín àti láti imú wa, tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide. Èyí ni ó gbóná jù nínú gbogbo wọn, ó sì pẹ́ gan-an kí ó tó tutù nígbà tí ó gbé e kúrò nínú oòrùn. Ó kọ ọ́ pé bí afẹ́fẹ́ náà bá pọ̀ lójú ọ̀run, ayé yóò gbóná ju bí ó ti wà lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1856, nígbà tí àwọn onímọ̀ pàdé ní ìlú Albany, ọkùnrin kan, Joseph Henry, ni ó bá a ka ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1859, John Tyndall ti ilẹ̀ Britain fi hàn pé ooru tí ń ti ilẹ̀ gòkè ni afẹ́fẹ́ irú èyí ń dì mú, òun ni gbogbo ayé sì ń yìn. Ó lé ní àádọ́jọ ọdún kí ẹnìkan tó tún rí ìwé obìnrin náà, ní 2011.

Aṣọ ìbora yìí kì í ṣe ohun búburú. Bí kò bá sí i, àwọn onímọ̀ ní ayé ìbá tutù dé dígírì 18 sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ṣùgbọ́n a ti mú kí ó nípọn jù. Bí ẹ bá fi ojú inú wo afẹ́fẹ́ bí ẹ̀wà tí a ka mílíọ̀nù kan èso rẹ̀, 280 ni ó jẹ́ carbon dioxide kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ilẹ̀ wa ẹ̀rọ. Ní 1958 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ lórí òkè kan ní Hawaii, ó ti di 315. Nísinsìnyí ó ti kọjá 420. Ọdún 2024 ni ó gbóná jù nínú gbogbo ọdún tí a tíì wọ̀n. Ó fi nǹkan bí dígírì kan àti ààbọ̀ ju ti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ń bá Núpé jagun lọ.

Dígírì kan àti ààbọ̀ lè dà bí ohun kékeré létí. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó gbóná ń ru omi púpọ̀, nítorí náà òjò tí ó bá rọ̀ a máa wúwo sí i, ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó bá sì dé a máa gbẹ ilẹ̀ yára. Gbogbo wa rántí 2012 àti 2022, nígbà tí Odò Ọya àti Bẹ́núé kún bo ilé ní Lọ́kọ́ja, tí ọ̀nà Àbújá dí, tí iṣu wa sì ń jẹrà nínú ọkọ̀. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ni ó kọ́kọ́ kún ìsédò náà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nǹkan a máa mú ayé tutù. Ní oṣù kẹfà 1991, oṣù méjì kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, òkè oníná kan tí ń jẹ́ Pinatubo bú gbàmù ní ilẹ̀ Philippines. Ohun tí ó tú sókè ṣíji bo oòrùn tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fi tutù ní bí ìlàjì dígírì ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti wá sílẹ̀ tán. Ti carbon dioxide kì í tètè wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò wà lókè títí di ìgbà àwọn ọmọ-ọmọ wa.

Ọwọ́ ta ni ó wà nínú rẹ̀? Nàìjíríà, pẹ̀lú gbogbo ènìyàn wa tí ó lé ní 200 mílíọ̀nù, kò tú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún carbon dioxide tí epo, èédú àti gáàsì ń mú jáde láyé lọ́dún. Ará Amẹ́ríkà kan ń tú ju ti ogún wa lọ. Èyí kò sọ pé ọwọ́ wa mọ́ pátápátá. Sìmẹ́ńtì tí à ń rí tí wọ́n ń kó jáde ní Ọ̀bàjànà, bí a ti ń lọ sí Lọ́kọ́ja, láti inú òkúta ẹfun tí wọ́n ń sun ni, òkúta náà fúnra rẹ̀ sì ń tú carbon dioxide sílẹ̀ bí ó ti ń jóná. Gbogbo wa sì ń fẹ́ fi sìmẹ́ńtì kọ́lé. A kò lè purọ́ nípa ìyẹn.

Ibi tí ọwọ́ wa ti hàn kedere ni igi. Ẹ wo bí omi inú àmù ṣe ń tutù: omi díẹ̀ ń yọ jáde lára amọ̀, ó ń gbẹ, ó sì ń mú ooru lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni igi ń ṣe. Ó ń fa omi láti ilẹ̀, ó ń yọ ọ́ jáde lójú ewé, abẹ́ rẹ̀ a sì tutù, yàtọ̀ sí òjìji tí ó ń fún wa. Àgbàlá tí a gé igi rẹ̀ tán, tí a da kọnkéré sí, tí a fi páànù yí ká, yóò gbóná ju ti aládùúgbò wa tí ó fi igi máńgòrò rẹ̀ sílẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà rárá, àwa ni a fi ọwọ́ ara wa ṣe é. Àwọn tí ń gé igi ẹmi àti igbá fún èédú mọ̀ pé òrí àti irú ń wọ́n sí i lọ́jà, ṣùgbọ́n àpò èédú kan ń mú owó wá lónìí, igi ẹmi sì ń gba bí ogún ọdún kí ó tó so dáadáa. Kò rọrùn, a kò sì ní díbọ́n pé ó rọrùn.

Ní ti ìyá àgbà wa, òjò padà rọ̀ ní oṣù karùn-ún, ó sì pa làfún wọn bí ó ti pa ti gbogbo ènìyàn. Mẹ́ta nínú wa ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí a jókòó, wọ́n fún wa ní ẹ̀pà, wọn kò sì dá wa lóhùn lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nípa irúgbìn ti ọdún tí ń bọ̀: àjọ ìjọba tí ń rí sí ojú-ọjọ́, NiMet, a máa gbé ìwé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan nípa ìgbà tí wọ́n rò pé òjò yóò fìdí múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Kàbà lè túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ẹ fi ọkọ́ wa ilẹ̀ wò kí ẹ tó gbìn; bí ọ̀rinrin kò bá wọlẹ̀ tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ àti ìka, ẹ dúró. Ẹni tí kò bá lè dúró, kí ó gbin díẹ̀, kí ó sì fi èyí tí ó pọ̀ jù pamọ́.

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì wá agolo kan tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbé e sí gbangba, níbi tí igi tàbí páànù kò ti bò ó, kí ẹ fi òkúta há a kí ewúrẹ́ má bàa dà á nù. Ní òwúrọ̀ tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, ẹ ki rúlà ọmọ ilé-ìwé bọ̀ ọ́, ẹ kọ iye mìlímítà tí omi dé àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì da omi náà nù. Akọ̀wé ẹ̀ka ni kí ó máa tọ́jú ìwé náà. A óò kó gbogbo rẹ̀ jọ ní ìpàdé wa ti oṣù kọkànlá.